Ẹni Tó Bá Fẹ́ Kí O Fi Sìgá Sílẹ̀, Gbé Iṣẹ́ Lé E Lọ́wọ́

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ń mu sìgá, n kò ṣaláìrí ẹni tó ń gbàdúrà fún mi, n kò sì ṣaláìrí ẹni tó ń kìlọ̀. Ìyá mi gbàdúrà títí ó fi kú. Lémọ́ọ̀mù àdúgbò wa kì í rí mi kó má mẹ́nu bà á. Àwọn èrò ọkọ̀ mi a máa fi ọwọ́ bo imú, wọn a máa kùn sínú. Ire ni gbogbo wọn fẹ́ fún mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wá fi í sílẹ̀ lóòótọ́, àwọn tó ràn mí lọ́wọ́ ò pọ̀, kò sì sí èyí tó wàásù fún mi nínú wọn. Oníkálukú ní iṣẹ́ kan pàtó tó ń ṣe. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ nìyẹn, torí mò ń rí àwọn tó fẹ́ jáwọ́ tí gbogbo ilé ń pariwo lé lórí, tí ẹnì kankan nínú ilé náà kò sì mọ ohun tí òun lè fi ọwọ́ ara òun ṣe.

Awakọ̀ ni mí. Ìbàdàn sí Ìsẹ́yìn ni mò ń ná, mo sì máa ń gbà á dé Ṣakí nígbà mìíràn. Ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọkọ̀ ni mo ti kọ́ sìgá. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa á mọ̀ pé ìdúró ló ń jẹ́ ká mu ún ju ìrìn lọ. O ti fi orúkọ sílẹ̀ ní gáréèjì, ò ń retí tọ́ọ̀nù rẹ, ọkọ̀ ṣì pọ̀ níwájú, oòrùn ń pa ọ́, ọwọ́ ò sì rí nǹkan ṣe. Ibẹ̀ ni páálí ti ń tán.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló dẹ́rù bà mí. Kò sí. Bí ẹ̀rù bá ń mú èèyàn fi sìgá sílẹ̀, à bá ti jáwọ́ tipẹ́, torí wọ́n kọ ọ́ sára páálí fún wa: Iléeṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ ń kìlọ̀ pé àwọn tó ń mu sìgá lè kú ní rèwerèwe. A máa ń kà á sókè fún ara wa ní gáréèjì, a ó rẹ́rìn-ín, a ó ṣáná sí i. Ohun tó rẹ̀ mí ni èémí. Mi ò lè gun àtẹ̀gùn ilé ẹ̀gbọ́n mi tán kí n tó dúró. Owó rẹ̀ náà sì ń dùn mí.

Inú oko tábà sì ni wọ́n bí mi sí o. Ẹni tó bá mọ Òkè-Ògùn mọ̀ pé àwọn ará Ìsẹ́yìn, Ṣakí, Àgọ́-Àrẹ àti Ìgbòho ti ń gbin tábà tipẹ́. Láti ọdún 1937 ni iléeṣẹ́ sìgá ti wà n'Ìbàdàn. Bàbá mi gbìn ín, kò fi sẹ́nu rí. Àwa ọmọ la máa ń já ewé rẹ̀ láàárọ̀ kí ìrì tó gbẹ. Tó bá di ọ̀sán, òòyì á máa kọ́ wa, a ó máa bì, wọ́n á ní ibà ni, wọ́n á gbé àgbo kaná. Nọ́ọ̀sì kan tó máa ń wọ ọkọ̀ mi, tó fẹ́ràn láti jókòó níwájú, ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nígbà tí mo ti dàgbà. Ó ní nicotine, èròjà inú ewé tábà tó ń sọ sìgá di bárakú, ló ń bá ìrì wọ awọ ara wa lọ, pé àwọn dókítà mọ àìsàn náà dáadáa. Ẹnu yà mí. Ohun tí mò ń sanwó fún ní gáréèjì ti ń wọ inú ara mi lọ́fẹ̀ẹ́ láti kékeré.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yẹn ni àlàyé, ìyẹn sì ni ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí gbà. Kò sọ pé màá kú. Ó ní bí èèyàn bá fa sìgá, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni nicotine ti dé ọpọlọ. Bí wákàtí méjì bá sì ti kọjá, bí ìdajì rẹ̀ á ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ara á tún máa bèèrè. Ó ní ìyánhànhàn yẹn kì í pẹ́ tí ó bá dé: ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, bóyá márùn-ún, bóyá mẹ́wàá, á sì rọlẹ̀, yálà o mu ún tàbí o kò mu ún. N kò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Mo rò pé bí n kò bá mu ún, á máa le sí i ni títí orí mi á fi dàrú. Nígbà tí mo mọ̀ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, mo wá rí i pé kì í ṣe ẹni tí á máa gbà mí nímọ̀ràn látàárọ̀ dalẹ́ ni mo nílò. Ẹni tí á bá mi gba ìṣẹ́jú díẹ̀ wọ̀nyẹn kọjá ni, lójú ibi tí wọ́n ti ń dé.

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ààwẹ̀ Rámádáànì. Ohun tí mò ń sọ á yé Mùsùlùmí tó ń mu sìgá: láti sààrì títí di ìṣínu, o ò fi nǹkan kan kan ẹnu, o sì rí i pé o ò kú. Ibi tí a ti máa ń bà á jẹ́ ni lẹ́yìn ìṣínu. Ẹlòmíràn ò tíì mu omi tán tó ti ń wá ìṣáná. Nítorí náà mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti jà fún ọ̀sán. Alẹ́ nìkan ni mo wá alábàárìn fún. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń wakọ̀, tí òun náà fẹ́ jáwọ́, ló gba alẹ́. Àdéhùn wa ni pé bí a bá ti ṣínu tán, a ó pe ara wa, a ó sì máa sọ̀rọ̀ títí a ó fi dé mọ́sáláṣí fún àṣamù. Ọ̀rọ̀ kí ọ̀rọ̀. Táyà ló pọ̀ jù nínú ohun tí a sọ.

Nígbà tí ààwẹ̀ parí ni gáréèjì wá di ogun. Màmá kan wà tó ń patẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń kó èrò. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń ra sìgá lẹ́yọ lẹ́yọ. Òfin tábà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2015 ní kí ẹnikẹ́ni má tà á lẹ́yọ mọ́, pé páálí tí kò dín ní 20 ẹyọ ni kí wọ́n máa tà. Ó tún ka mímu rẹ̀ léèwọ̀ nínú ọkọ̀ èrò. Ẹ lọ wo gáréèjì èyíkéyìí kí ẹ rí bí òfin yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n ń tà lẹ́yọ yìí ló burú jù fún ẹni tó fẹ́ jáwọ́, torí owó rẹ̀ ò pọ̀, ìtìjú ò sí níbẹ̀, ìwọ fúnra rẹ ò sì ní mọ iye tí o ti mu. Mo lọ bá màmá náà níṣojú gbogbo èèyàn.

"Màmá, láti òní lọ, bí mo bá ní kí ẹ fún mi ní sìgá, ẹ má fún mi. Bí mo tilẹ̀ gbé owó sílẹ̀, ẹ dá a padà."

Ó wò mí. "Dírẹ́bà, ṣé o fẹ́ kí n pàdánù oníbàárà ni?"

"Ẹ̀pà yín ni màá máa rà."

"Èrè ẹ̀pà ò tó ti sìgá o. Ó dáa. Tí o bá wá bínú sí mi ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí n bínú."

Mo sì bínú lóòótọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọlọ́pàá ti gba owó lọ́wọ́ mi lójú ọ̀nà, mo jágbe mọ́ ọn pé kó fún mi ní ẹyọ kan, pé owó mi ni. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "O ní kí n jẹ́ kí o bínú," ó wọn ẹ̀pà sínú bébà, ó ní kí ọmọ rẹ̀ gbé e wá bá mi. Àwọn awakọ̀ tó kù fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìtìjú níṣojú èèyàn wúlò ju ìbúra ìkọ̀kọ̀ lọ. Ìdí tí mi ò fi lọ bá a ní kọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ti ọmọ ọkọ̀ mi rọrùn. Orín ni mo ní kó máa fi sápò. Bí ó bá ti rí i pé ọwọ́ mi ń wá àpò àyà, kó gbé orín fún mi láìsọ̀rọ̀. Orín dára ju midinmíìdìn lọ lójú tèmi: ó gba ọwọ́, ó gba ẹnu, ó ta díẹ̀, ó sì ń pẹ́. Ẹni tó bá ti ń mu sìgá tipẹ́ á mọ̀ pé ọwọ́ náà ní ebi tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìyàwó mi ni iṣẹ́ rẹ̀ le jù. Mo sọ fún un ṣáájú pé ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, inú mi á máa ru, kó má gbé ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé tàbí ti páànù tó ń jò wá lálẹ́. Ó ní, "Ṣé o ò ní í fi sìgá ṣe àwáwí báyìí?" Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. A wá fẹnu kò sí i pé àárọ̀ Sátidé ni gbogbo ọ̀rọ̀ líle á máa wáyé. Ó fọ gbogbo aṣọ mi, ó bọ́ aṣọ ìjókòó ọkọ̀, ó sá a, ó sì kó gbogbo ìṣáná tó wà lápò mi dà sí ilé ìdáná. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ẹ́ kó yé ṣe: ìbéèrè alaalẹ́ pé "Ṣé o ò mu ún lónìí?" Ó ń ṣe mí bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ń yẹ èékánná rẹ̀ wò. Ó yé béèrè. Imú rẹ̀ ṣáà wà níbẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí ẹni tó ń ranni lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀, kó má baà dáni dúró. Ikọ́ lè pọ̀ sí i ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn irun tíntìntín tó ń gbá ìdọ̀tí jáde kúrò ní ọ̀nà èémí, tí èéfín ti sọ di aláìlágbára, ló ń padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ikọ́ mi, ó ní, "Ṣé o rí i, ó ti mọ́ ọ lára, padà sídìí rẹ̀." Àánú ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n irú ìmọ̀ràn yẹn ti dá ọ̀pọ̀ èèyàn padà. Bí ikọ́ bá ní ẹ̀jẹ̀ nínú, tàbí tó ń bá ọ lọ tí kò dáwọ́ dúró, ilé ìwòsàn ni o, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ sùúrù. Ìgbẹ́ lè le. Oúnjẹ á dùn, ṣòkòtò á fún.

Ti obì ni mi ò gbọ́ rí. Obì la fi ń lé oorun lọ lójú ọ̀nà, kaféènì tó ń lé oorun náà ló sì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí mo jáwọ́, mi ò rí oorun sùn mọ́, àyà mi ń lù kìkì, mo sì ti ń dá sìgá tí mo fi sílẹ̀ lẹ́bi. Nọ́ọ̀sì ni mo tún bi. Ó ní èéfín sìgá máa ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ kaféènì túútúú, pé nígbà tí èéfín ò sí mọ́, awẹ́ obì tí mò ń jẹ tẹ́lẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ bíi méjì. Mo dín in kù sí ìdajì, oorun padà. Ẹni tó bá ń mu kọfí tàbí àwọn ohun mímu inú agolo tí wọ́n fi ń lé oorun, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ náà.

Ẹnìkan á tún sọ fún ọ pé kí o máa fín aáṣáà dípò rẹ̀, tàbí kí o máa mu ṣíṣà. Tábà ni tábà ń jẹ́. Èyí tó yàtọ̀ ni ṣíngọ́ọ̀mù àti báńdéèjì àlẹ̀mára tí wọ́n fi nicotine sí, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi sínú ìwé àwọn oògùn kò-ṣeé-má-nìí láti ọdún 2009. Kò ní èéfín, ó ń dín ìyánhànhàn kù. Bí owó rẹ bá ká a, bi apòògùn tó gbọ́n. Èmi ò lò ó.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń pe ara wa lálẹ́ yẹn, ìnáwó ìsìnkú kan ló dé tí wọ́n fi na sìgá sí i, ó gbà á. Ó pè mí lóru, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Mo ní, "Ẹyọ mélòó?" Ó ní ẹyọ kan. Mo ní, "Ìyókù páálí dà?" Ó ní òun ò ra páálí. Mo ní, "Ó dáa, ta ló máa bá ọ lọ síbi ìnáwó tó ń bọ̀?" Èmi ni mo bá a lọ. Bí mo bá bú u lóru ọjọ́ yẹn ni, kì í ṣe sìgá ni ì bá fi sílẹ̀, ìpè alẹ́ ni kì bá gbé mọ́.

Nítorí náà, ìwọ tí bàbá rẹ, ọkọ rẹ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ ń mu sìgá, má bi í pé kí ló dé tí kò fi jáwọ́. Bi í pé ẹyọ wo ló dùn mọ́ ọn jù láàárín ọjọ́. Á sọ fún ọ, torí kò sí amusìgá tí kò mọ̀ ọ́n: ti lẹ́yìn oúnjẹ ni, ti àárọ̀ kùtù ni, ti ìdí ọtí ni. Ẹyọ yẹn ni kí o gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti lẹ́yìn oúnjẹ, dìde pẹ̀lú rẹ̀ kí ẹ rìn dé oríta. Bó bá jẹ́ ti àárọ̀, pè é láàárọ̀ kó tó jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Má dárúkọ sìgá. Bi í bí ọjà ṣe ń lọ sí.