Kí ẹ tó wá ínfáàsì: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí fọ́ńkíṣọ̀n

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ní Adó, ní Ọ̀yẹ́ àti ní Ìkẹ́rẹ́, ẹ kú oríire. Èkìtì kì í fi ìwé ṣeré, ẹ̀yin náà mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí pé àṣìṣe kan náà ló ń gba máàkì lọ́wọ́ àwọn tó ń wọlé lọ́dọọdún. Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí bí a ṣe ń fi 3 rọ́pò x. Ẹ ti mọ ìyẹn láti ilé ẹ̀kọ́ girama.

Èkíní, f ni orúkọ fọ́ńkíṣọ̀n, ìyẹn òfin tó ń fún ohun kọ̀ọ̀kan tó wọlé ní èsì kan ṣoṣo; ohun tó wà nínú àkámọ́ f(x) ni ohun tí a fún f. Tí f(x) bá jẹ́ x² + 1, f(x + 2) yóò jẹ́ (x + 2)² + 1, ìyẹn x² + 4x + 5. Ẹni tó kọ x² + 3 ti fi 2 kún èsì dípò kó fi kún ohun tó wọlé.

Èkejì, ẹ kọ dòméènì (gbogbo x tí fọ́ńkíṣọ̀n lè gbà wọlé) sílẹ̀ kí ẹ tó gé ohunkóhun kúrò. Lóòótọ́ ni (x² − 9)/(x − 3) ń di x + 3, ṣùgbọ́n 3 kò sí nínú dòméènì rẹ̀, nítorí yóò sọ ìsàlẹ̀ di òdo. Ìlà tó gún ni gráàfù rẹ̀, ihò kan sì wà lórí rẹ̀ ní (3, 6).

Ẹ̀kẹta ni ínfáàsì, tí a ń kọ ní f⁻¹, ìyẹn fọ́ńkíṣọ̀n tó ń dá èsì padà sí ohun tó wọlé; ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo nọ́ńbà ìdánwò àti máàkì. Nọ́ńbà kan kò lè gba máàkì méjì nínú iṣẹ́ kan, ìyẹn ló sọ ọ́ di fọ́ńkíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n èèyàn méjì lè gba 64. Tí wọ́n bá wá fi 64 lé yín lọ́wọ́ pé kí ẹ mú ẹni tó ni ín wá, ta ni ẹ fẹ́ mú?

Ohun tí wọ́n sábà ń kọ́ yín ní lẹ́sìnnì ni pé kí ẹ pààrọ̀ x àti y, kí ẹ sì yọ y sọ́tọ̀. Ìdajì iṣẹ́ nìyẹn, ó sì ń bí mi nínú pé wọ́n ń pè é ní odidi. Ẹ gbé f(x) = x² − 4x + 1. Ó di y = (x − 2)² − 3. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ f⁻¹(x) = 2 + √(x + 3), á sì fi 5 dán an wò: f(5) jẹ́ 6, 6 sì padà di 5. Inú rẹ̀ á dùn. Ẹ fi −1 dán an wò: 1 + 4 + 1, 6 náà ni. 6 tún gbé 5 jáde, −1 sì sọnù. Tí ẹ bá fi ± síwájú √ láti gba −1 là, 6 ti ní èsì méjì nìyẹn, kì í ṣe fọ́ńkíṣọ̀n mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ní f(a) = f(b), ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí apá kan: (a − b)(a + b − 4) = 0. Yálà a dọ́gba pẹ̀lú b, tàbí àpapọ̀ wọn jẹ́ 4. Apá kejì yìí ni ewu. Òun ló so −1 mọ́ 5. Lórí gráàfù, ìlà ìbú ní y = 6 gé e níbi méjì. Ìlà òró ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá fọ́ńkíṣọ̀n ni. Ìlà ìbú ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lè padà. Ọ̀pọ̀ ló ń dà wọ́n rú.

Nítorí náà, ẹ gé dòméènì ní 2. Tí ẹ bá mú x ≥ 2, ínfáàsì ni 2 + √(x + 3). Tí ẹ bá mú x ≤ 2, 2 − √(x + 3) ni. Dòméènì àwọn méjèèjì ni x ≥ −3, torí pé réǹjì f (gbogbo èsì tó lè jáde) ló ń di dòméènì ínfáàsì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, máàkì wà níbẹ̀. Ẹ má sì kọ 1/f(x) ní ipò f⁻¹(x) láé. 1/f(5) jẹ́ 1/6, f⁻¹(5) sì jẹ́ 2 + √8 fún x ≥ 2.

Ẹ wá ínfáàsì (2x + 3)/(x − 1) fúnra yín. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ x ≠ 1. Bí ẹ bá parí, ẹ ó rí i pé (x + 3)/(x − 2) ni, x ≠ 2. Ẹ fi 2 sínú ti àkọ́kọ́, 7 á jáde. Ẹ fi 7 sínú èkejì, kí ẹ wò ó bóyá 2 padà.