Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí géèjì mọ́tò: ẹ̀yin ọmọ ríwáyà, ẹ sún mọ́bí

Sátidé tó kọjá ni mo fún ọmọṣẹ́ mi karùn-ún ní fìrídọ́ọ̀mù, a se ìrẹsì, a gbàdúrà, ayé gbọ́ ọ̀run mọ̀. Mọ́ńdè tí mo máa dé ṣọ́ọ̀bù báyìí, àbúrò ẹ̀ tó kù sílẹ̀ ti tú dáṣíbọ́ọ̀dù oníbàárà kalẹ̀, fọ́ọ̀kì tá a fi jẹ ìrẹsì yẹn gan-an ló fi ń hú ọwọ́ géèjì, igi tín-ín-rín tó ń tọ́ka sí nọ́ńbà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ara mi bù máṣọ.

Mi ò ní sọ ti àkọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé bátìrì la kọ́kọ́ ń já, tí mọ́tò bá ní airbag kẹ́ ẹ ní sùúrù díẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ìdí sitiárìn. Àwọn mọ́tò àtijọ́ tó ń lo kébù fún géèjì eré sísá, ẹ ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn kẹ́ ẹ yọ ọ́ ná, ẹ má fà á bí ẹni fa iṣu. Ìkejì, ẹ má fi pẹtiróòlù tàbí tínà nu gíláàsì ojú ẹ̀, rọ́bà ni, funfun ló máa dà, ọṣẹ àti omi tó o. Ìkẹta, ọwọ́ géèjì. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

2009 ni, mo ti lo ọdún mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́, mo ti ń rò ó lọ́kàn pé mo mọ̀ ọ́n ju ọ̀gá mi lọ. Bàbá tíṣà kan gbé Toyota ẹ̀ wá láti Arówómọlẹ̀, l'Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí, ní iná dáṣíbọ́ọ̀dù kì í tàn lálẹ́. Mo tú u, mo pààrọ̀ gílóòbù, mo yọ́ léèdì fi lẹ àwọn ibi tó ti sán lẹ́yìn ẹ̀, iṣẹ́ ti parí níbẹ̀ ká sọ pé mo gbọ́n. Mo ní kí n bá wọn fọ eruku ojú ẹ̀ kó dà bíi tuntun, ni mo bá hú ọwọ́ géèjì.

Ẹ wò ó, àwọn mọ́tò kan wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá pa wọ́n, ọwọ́ géèjì wọn kì í já wálẹ̀, ibi tó wà náà ló máa dúró sí. Gbígbóná ni mọ́tò yẹn wọlé, ọwọ́ témpíréṣọ̀, èyí tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, wà láàárín. Èmi ò mọ̀, mo rò pé mọ́tò tí wọ́n ti pa, C, ibi tútù, ló yẹ kó wà, ni mo bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ C. Irin inú tó ń yí ọwọ́ náà ṣì wà láàárín o! Ìyẹn ni pé tí mọ́tò bá gbóná bó ṣe yẹ, C ló máa fi hàn, tó bá wá fẹ́ jó, àárín.

Bàbá tún wá yìn mí lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ní látìgbà tí mo ti bá àwọn tún un ṣe ni mọ́tò àwọn ti tutù bí omi àmù, wọ́n fún mi ní ₦500.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀, hóòsì radiétọ̀ ń jò, wọ́n wo géèjì, àárín ló wà, wọ́n ń lọ. Kí wọ́n tó dé Odò Ọ̀bà, èéfín. Tọ́pù gáskẹ́ẹ̀tì lọ, hẹ́ẹ̀dì, orí ẹ́ńjìnnì, tẹ̀. Wọ́n fi ọkọ̀ wọ́ ọ dé ṣọ́ọ̀bù wa ní Tákìé, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o tún géèjì mi ṣe ni àbí o kọ́ ọ nírọ́ pípa?"

Ọ̀gá mi tó ń pariwo "ṣe kíá, ṣe kíá" sí mi létí lọ́jọ́ náà, òun ló ní òun ò rán mi níṣẹ́ ọwọ́ géèjì. Ó fi oṣù mẹ́fà kún fìrídọ́ọ̀mù mi, owó hẹ́ẹ̀dì tí wọ́n lọ fá, èmi ni. Mo ti dárí jì í ṣá, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí.

Báyìí lẹ ó ṣe ṣe é: ẹ ya fọ́tò kẹ́ ẹ tó hú u. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá ọwọ́ témpíréṣọ̀ padà, ẹ so dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́ wáyà ẹ̀, ẹ yọ wáyà séńsọ̀ lára ẹ́ńjìnnì, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ọ́ọ̀nù. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́, irin inú máa lọ sí C fúnra ẹ̀, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ wá tẹ ọwọ́ ẹ̀ bọ̀ ọ́ lórí C. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń bá èèyàn yí máíléèjì, iye ìrìn tí mọ́tò ti rìn, padà sẹ́yìn kí wọ́n lè tà á lówó gọbọi, ẹ má jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Títí dòní, "Géèjì" ni wọ́n ń pè mí ní Tákìé. Àwọn oníbàárà tuntun rò pé torí mo mọ iṣẹ́ ẹ̀ ni.