Níbi Tí Wọ́n Ti Ń Ta Òkun Ní Bébà: Ìrìnàjò Wa sí Whitby

Bọ́ọ̀sì tó ń ti Leeds lọ sí Whitby, ìlú etíkun kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa ń gba orí òkè gbalasa kan kọjá, kò sí igi, kò sí ilé, àfi àgùntàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni òkun á yọ lójijì, àti àwọn ilé olórùlé pupa tí wọ́n fún mọ́ra lẹ́bàá odò Esk. Gbogbo àlejò ló ń gun àtẹ̀gùn 199 tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì St Mary. Àwa náà gùn ún, ó rẹ̀ wá.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn wà nísàlẹ̀, láwọn òpópónà tóóró: máàpù òkun tí wọ́n ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ ògiri. Wọ́n á pa bébà rẹ̀ láró bíi pé wọ́n da tíì sí i, kó lè jọ ohun tó ti pẹ́. Àbúrò mi tó wá kí mi láti Ìbàdàn rí ọ̀kan tí ejò ńlá ń gbórí sókè nínú omi rẹ̀, ọkọ̀ Captain James Cook, atukọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lókìkí, sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ejò náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó! Ẹ jẹ́ ká ra eléyìí."

Mo ní irọ́ ni. Irú ẹranko abàmì bẹ́ẹ̀ ló kún inú máàpù tí Olaus Magnus, àlùfáà ará Sweden kan, ṣe ní 1539. Nígbà tí James Cook fi dé Whitby ní 1746 láti kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ lọ́dọ̀ John Walker, ayé ti kúrò níbẹ̀. Nọ́ńbà ni atukọ̀ ń wá: báwo lomi ṣe jìn tó? Wọ́n á so òjé mọ́ okùn, wọ́n á jù ú sómi, wọ́n á sì ka fathom. Ẹsẹ̀ bàtà 6 ni fathom kan. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé wọ́n á ti fi ọ̀rá sí ìdí òjé náà, kí ohun tó wà nísàlẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ ọn: yanrìn, ẹrẹ̀, ìkarahun. Wọ́n á fi lẹ́tà kékeré kọ ìyẹn náà sórí máàpù. Bí kùrukùru bá wá bo atukọ̀ lójú, ohun tí òjé bá gbé bọ̀ lè sọ ibi tó wà fún un. Irú iṣẹ́ yìí ni Cook ṣe ní Newfoundland, erékùṣù kan tó wà ní Canada lónìí, láti 1763 sí 1767, kí wọ́n tó fún un ní Endeavour, ọkọ̀ akéèédú tí wọ́n kàn ní Whitby níbí.

Ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí afárá la ti rí èyí tí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ látara máàpù àwọn ológun ojú omi. Kò sí ejò, kò sí aró. Nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀. Lápá ìlà-oòrùn ẹnu odò, àpáta ló wà níbẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Mo fi Saltwick han àbúrò mi, níbi tí Rohilla, ọkọ̀ òkun tí wọ́n sọ di ilé ìwòsàn, ti forí sọ àpáta ní October 30, 1914. Ó lé ní 80 èèyàn tó kú, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ò jìnnà sí wọn.

"Abẹ́ òkè tí a rìn lówùúrọ̀ yẹn?"

"Ibẹ̀ náà ni."

Síbẹ̀, ejò ló rà, ó ní yàrá àwọn ọmọ lòun máa fi kọ́ sí. Èmi ra onínọ́ńbà láìsí férémù, torí owó férémù yẹn ju ti máàpù lọ.