Kí a tó pè é ní ẹ̀tẹ̀

Mo ti lo ọdún 11 nídìí iṣẹ́ tíṣà kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Àmì funfun kan yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọkùnrin kan ní kíláàsì mi. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, àyà mi já, mo ní kó gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́yìn, kó dá jókòó. N kò dárúkọ àrùn kankan. Àwọn ọmọ ló bá mi dárúkọ rẹ̀: kí aago ìsinmi tó lù, wọ́n ti ń pè é ní adẹ́tẹ̀.

Mo bá òun àti ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní kó dijú, ó fi òwú kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́ fẹ́rẹ́. Ọmọ na ìka, ó tọ́ka síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Nọ́ọ̀sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní ibi tí ẹ̀tẹ̀ bá mú kì í sábà mọ ìfọwọ́kàn. Èélá lásán ni.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ṣí Léfítíkù 13, orí tí mo máa ń fò. Mo rò pé òfin líle ni n ó bá níbẹ̀. Àlùfáà tí kò kánjú ni mo bá. Bí àmì náà kò bá jinlẹ̀ ju awọ ara, tí irun ibẹ̀ kò sì funfun, kò gbọdọ̀ tíì pè é ní nǹkan kan. Yóò sé ẹni náà mọ́ fún ọjọ́ 7, yóò wò ó, yóò tún fi ọjọ́ 7 sí i. Bó bá ti ń ṣá, èépá ni. Kó fọ aṣọ rẹ̀, kó máa lọ. Kódà, ẹni tí gbogbo ara rẹ̀ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, láìsí ẹran tútù lára rẹ̀, mímọ́ ni òfin pè é. Ojú tèmi ì bá ti dá a lẹ́bi.

Àwọn olùkọ́ òfin Júù, nínú Mishnah, ìwé tí wọ́n kó òfin àtẹnudẹ́nu wọn jọ sí, tilẹ̀ ní a kì í yẹ ara wò lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú, tàbí ní ìdájí, tàbí nírọ̀lẹ́. Bó bá sì jẹ́ ọkọ ìyàwó ló yọ sí lára, kí wọ́n jẹ́ kó fi ọjọ́ 7 ṣe ìgbéyàwó rẹ̀ ná.

Orí 14 ló pa mí lẹ́kún. Bí àrùn bá yọ sí ara ògiri, àlùfáà gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n kó ẹrù jáde kí òun tó wọlé, kí ohun inú ilé má bàa di aláìmọ́. Ẹní kan náà, àwo kan náà ni, kí àlùfáà tó sọ̀rọ̀ àti lẹ́yìn tó bá sọ̀rọ̀. Ìdájọ́ tó ń bọ̀ lẹ́nu àlùfáà ni wọ́n ń kó wọn sá fún. Èmi kò kó nǹkan kan jáde fún ọmọ yẹn. Ojú gbogbo kíláàsì ni mo ti sọ̀rọ̀.

Èélá náà lọ. Orúkọ náà kò lọ, ìyá rẹ̀ sì mú un kúrò ní ilé-ìwé wa. Mo wá ilé wọn lọ, mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́," ó bu omi fún mi. Ó pe ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì pé kó wá kí mi. Mo ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú yàrá. Kò jáde.