Ọkọ̀ háyà, àwọn òbí mi, Glencoe àti ọ̀nà Òmù-Àrán

Ní Glasgow, ní Scotland, tí mò ń gbé, tí èèyàn bá lóun fẹ́ háyà ọkọ̀, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n máa kó lé e lọ́wọ́. Ní Ìlọrin tí mo ti wá, tí èèyàn bá sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ohun tí wọ́n máa bi í ni pé, "Ibo lẹ̀ ń lọ, ìgbà wo lẹ máa padà?" nítorí awakọ̀ ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Bàbá mi ti ń sún mọ́ ẹni 80 ọdún, ìyá mi náà ò sì kéré mọ́. Fún irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ owó lọ.

Níbí, ìwé ló ń sọ̀rọ̀. Wọ́n á wo láísẹ́ǹsì, wọ́n sábà máa ń béèrè kírẹ́díìtì káàdì tó ní orúkọ awakọ̀ lára, wọ́n á sì de owó kan mọ́ inú rẹ̀ títí ọkọ̀ á fi padà. Ibi tó yẹ kéèyàn farabalẹ̀ kà jù ni iye tí òun fúnra rẹ̀ máa san tí ọkọ̀ bá fara ha, kí ìnṣọ́ránsì tó gba ìyókù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé lè fi láísẹ́ǹsì Nàìjíríà wakọ̀ fún oṣù 12 lẹ́yìn tó bá ti fìdí kalẹ̀. Tí oṣù náà bá pé, àfi kó lọ ṣe ìdánwò ti ibí. Ẹ tètè sọ ọ́ pé ọkọ̀ tó ń pa jíà dà fúnra rẹ̀ lẹ fẹ́, torí jíà ọlọ́wọ́ ṣì pọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Apá òsì tí wọ́n ń gbà níbí ò ba bàbá mi lẹ́rù rárá. Wọ́n ti ń wa lọ́rì kí Nàìjíríà tó kúrò lápá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Iwájú ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọn á máa sọ fún mi pé kí n má sún mọ́ etí títì jù.

Ní Ìlọrin, ẹnu ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pe Áfáà kan tó máa ń gbé wọn lọ sí òde, a sì fẹnu kò: ṣé epo wà nínú owó náà, ta ló máa bọ́ awakọ̀, aago mélòó la máa padà. Kò sí ìwé kankan. Ohun tó fọkàn wa balẹ̀ ni pé a mọ ilé wọn ní Pàkátà, àwọn náà sì mọ ilé wa. Mi ò fojú kéré ìyẹn, torí mo rí bí Áfáà ṣe ń di ọwọ́ ìyá mi mú tí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀, bí ẹni pé ìyá mi ló bí wọn. Kò sí ilé iṣẹ́ tó lè kọ ìyẹn sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ìmọ̀lára ò lè ṣe iṣẹ́ táyà. Bẹ́líìtì ẹ̀yìn, abẹ́ tìmùtìmù ló máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa. Ẹ ní kí wọ́n fà á jáde kí àwọn òbí yín tó wọlé. Ẹ wo táyà kí ẹ tó dá owó.

Ọ̀nà A82 ni a máa ń gbà kúrò ní Glasgow lọ sí Fort William, ó lé ní 100 máìlì. Ẹ̀gbẹ́ Loch Lomond ló gbà, adágún tó fẹ̀ jù ní gbogbo Britain, kó tó gun òkè lọ sí Glencoe, àfonífojì kan láàárín àwọn òkè. Ìyá mi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń jẹ́ kí wọ́n tọ̀ léraléra, nítorí náà ilé ìtọ̀ ni mo fi ń ṣètò ọjọ́ náà, n kì í fi máìlì ṣe é. Tyndrum la máa dúró sí, a tún máa dúró ní Glencoe. Lójú ọ̀nà kékeré tí ọkọ̀ kan ṣoṣo lè gbà, wọ́n gbé àyè ìyàgò sílẹ̀ pẹ̀lú àmì funfun kí ẹni tó ń bọ̀ lè kọjá. Ẹ má dúró ya fọ́tò níbẹ̀ o.

Glencoe ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Àwọn òkè dúdú gòkè lọ́tùn-ún lósì, omi ń ṣàn sọ̀kalẹ̀ lára wọn. Mo sọ fún wọn pé ní oṣù kejì ọdún 1692, àwọn ọmọ ogun ọba wọ̀ sí ilé àwọn ìdílé MacDonald níbẹ̀, àwọn onílé gbà wọ́n lálejò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí àwọn àlejò náà tó dìde lóru pa àwọn onílé. Ìyá mi ò gbà á. "Wọ́n jẹun wọn, wọ́n sùn lábẹ́ òrùlé wọn?" Títí a fi dé Fort William, ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ń sọ.

Ìgbà náà ni bàbá mi sọ ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù: pé àwọn mọ ìtàn àlejò kan nílé náà, ti àwọn ère Èsìẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ò dé ibẹ̀ rí. Ọmọ Ọ̀fà ni bàbá mi, ọmọ Òmù-Àrán ni ìyá mi. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gba Ajàṣẹ́-Ìpo kọjá. Ère òkúta tó lé ní 800 wà ní Èsìẹ́, àwọn àgbà ní àlejò ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó di òkúta. Ibẹ̀ sì ni wọ́n kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sí, ní 1945. Wọn ò dé ibẹ̀, wọn ò sì rí omi Ọ̀wù tó ń já bọ́ láti òkè lápá Ìfẹ́lódùn. Ó dùn mí gan-an. Ní ilé, ìsìnkú, ìkómọ àti Iléyá la fi ń rin ọ̀nà yẹn. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé òun ń lọ wo òkè.

Ìṣòro wà lóòótọ́. Láti Ìdọ̀fián dé Òmù-Àrán, ilé ìtọ̀ fún arìnrìn-àjò ṣọ̀wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni àmì tó ń júwe ọ̀nà. Ìyá mi ò tiẹ̀ ka ìyẹn sí. Agboolé tó bá wà nítòsí ni wọ́n máa wọ̀, wọ́n á kí onílé, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n bá wá, kó tó pẹ́ wọ́n á ti rí ìbátan níbẹ̀. Irú ẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀ ní Glencoe. Ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ ọjọ́ ní àjẹtán, torí a ò lè dá àgbàlagbà dúró lẹ́nu ìkíni.

Ọjọ́ fúnra rẹ̀ sì yàtọ̀. Ní oṣù kẹfà, òòrùn Fort William kì í wọ̀ títí aago mẹ́wàá alẹ́ á fi kọjá, Màgárìbì á wá di ọ̀gànjọ́ lójú àwọn òbí mi, kò sì sí ohun tó ń lé wa. Ní Kwara, nǹkan bí aago méje ni ilẹ̀ ń ṣú, a ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ṣú bá wa lójú ọ̀nà. Ẹ̀rù àwọn ajínigbé ti bá apá gúúsù Kwara jà, àwọn abúlé kan sì ti fara gbá a burúkú. Níbí, ojú ọjọ́ ni mò ń wò kí n tó jáde. Nílé, mo gbọ́dọ̀ pe èèyàn tó ń gbé lọ́nà yẹn ní alẹ́ àná àti ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí n bi í pé báwo ni ọ̀nà ṣe rí. Tó bá ní ká má wá, a ò ní lọ.

Bí mo ṣe tò ó fún ìgbà tí mo bá tún dé nìyí. A máa kúrò ní Ìlọrin lẹ́yìn Súbúhì, pẹ̀lú Áfáà kan náà. Èsìẹ́ la máa kọ́kọ́ dé, kí oòrùn tó mú. Oúnjẹ ọ̀sán máa jẹ́ ilé àbúrò ìyá mi ní Òmù-Àrán, kí wọ́n sì sinmi níbẹ̀ dáadáa. A máa gba Ọ̀fà padà kí bàbá mi lè ra ànàmọ́ tí wọ́n fẹ́ràn, a ó sì ti wọ Ìlọrin kí Màgárìbì tó tó. Mi ò ní fi Ọ̀wù kún un. Ibẹ̀ máa gba ọjọ́ tirẹ̀, lẹ́yìn tí òjò bá ti dáwọ́ dúró díẹ̀ tí ilẹ̀ pupa ọ̀nà Ọ̀wà tó lọ síbẹ̀ ti gbẹ, tí omi náà ò sì tíì fà, àti nígbà tí àwọn èèyàn wa níbẹ̀ bá sọ pé ọ̀nà dára.