Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí mo ṣe híítà ìrì mọ́ ara tẹlisíkóòpù mi, tí mo sì kó wáyà rẹ̀ jọ

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ìrì fúnra rẹ̀, torí ẹni tí ò bá mọ ibi tó ti ń wá, kò sí híítà tó máa rà tó máa tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òkè ni ìrì ti ń sẹ̀ wálẹ̀ bí òjò. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká ló gbé omi yẹn dání tẹ́lẹ̀, ohunkóhun tó bá ti tutù kọjá ìwọ̀n kan, ara rẹ̀ ni omi náà máa lọ dì mọ́. Dókítà kan ní London, William Charles Wells, ló ṣàlàyé ẹ̀ yékéyéké lọ́dún 1814, pé ohun tó bá kọjú sí ọ̀run tó mọ́ kedere lóru máa ń tú ooru ara rẹ̀ dà sókè títí á fi tutù ju afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ wá wo tẹlisíkóòpù, gíláàsì iwájú ẹ̀ ò ní iṣẹ́ míì ju kó kọjú sí ọ̀run lọ láti alẹ́ títí di ìdájí. Òru tó dáa jù láti wo ìràwọ̀, tí ìkúùkùu ò sí, tí atẹ́gùn ò fẹ́, òru yẹn gan-an ni ìrì máa ń pọ̀ jù. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan ti gbé tiẹ̀ jù sí kọ̀rọ̀ torí pé "tó bá ti pẹ́ díẹ̀ kì í ríran dáadáa mọ́". Ó ń ríran. Omi ló bò ó lójú.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ gan-an á kọ́kọ́ ní kùrukùru yíká, àwọn tín-tìn-tín á sì máa pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rò pé ìkúùkùu ló dé, tí ẹ bá sì fi ojú lásán wo òkè, ó mọ́ rekete.

Èyí tí mo ń lò ni Schmidt-Cassegrain 8 inch, irú tẹlisíkóòpù tó ní dígí nínú àti gíláàsì níwájú, ìyẹn 8 inch ni pé ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 203. Gíláàsì fẹ́lẹ́ kan wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní corrector, àrà tí Bernhard Schmidt dá ní Hamburg lọ́dún 1930 ló jẹ́, ohun tó sì mú kó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìrì ni pé iwájú pátápátá ló wà, kò sí nǹkan tó ṣíji bò ó. Tẹlisíkóòpù oríṣi Maksutov náà bẹ́ẹ̀, gíláàsì wà níwájú tiẹ̀ náà. Àwọn tó ń lo Newtonian, oríṣi tí kò ní gíláàsì níwájú, sàn díẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ihò tẹlisíkóòpù (tube) ni dígí ńlá wọn wà, dígí kékeré tó wà lókè ló máa ń kọ́kọ́ tutù.

Kí ẹ tó dé ọ̀rọ̀ iná rárá, ẹ ṣe ìbòrí tó máa gùn síta níwájú, dew shield ni wọ́n ń pè é. Fóòmù dúdú tí ẹ ká róbótó ti tó. Kí gígùn rẹ̀ tó ìlọ́po kan ààbọ̀ ẹnu tẹlisíkóòpù yín, ó kéré tán, fún 8 inch ìyẹn jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 30. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń dín ìwọ̀n ọ̀run tí gíláàsì ń rí kù, nítorí náà ooru tó ń sá lọ á dín kù, ó sì tún máa ń dí iná àdúgbò tó ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an torí kì í jẹ bátìrì. Àmọ́ níbi tí ọ̀rinrin bá ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ńṣe ló kàn máa sún ìrì síwájú fún wákàtí díẹ̀, ó ṣì máa dé.

Ibi tí híítà ti wọ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ohun tó pọ̀ jù tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi ni pé gíláàsì yẹn ò gbọ́dọ̀ gbóná. Ẹ kàn fẹ́ kó má tutù ju ibi tí ìrì ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ ni. Ìṣirò kan wà tó rọrùn tí ẹ lè fi orí ṣe: ẹ yọ ọ̀rinrin kúrò nínú 100, ẹ fi 5 pín in, ẹ wá yọ èyí tó bá kù kúrò nínú ìwọ̀n ooru afẹ́fẹ́. Tí ooru bá jẹ́ dígírì 25, tí ọ̀rinrin jẹ́ 90%, 10 pín sí 5 jẹ́ 2, dígírì 23 ni ìrì ti máa bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé kí gíláàsì yín kàn fi dígírì méjì péré tutù ju afẹ́fẹ́ lọ, omi ti dé. Ṣé ẹ rí i bí àyè yẹn ṣe kéré tó? Bó ṣe kéré yẹn náà ni ooru tí ẹ nílò ṣe kéré. Àwọn tó ń fi híítà sí ìparí, afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa gbéra níwájú gíláàsì wọn, Júpítà á máa gbọ̀n lójú wọn, wọ́n á ní ojú ọjọ́ ni ò dáa.

Bí mo ṣe ṣe tèmi nìyí. Mo lo resistor 20 (èròjà kékeré tó ń dí iná lọ́nà, tó sì ń gbóná), ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 470 ohm, irú èyí tó lè gba ìlàjì wáàtì. Mo tò wọ́n bí àkàsọ̀, wáyà méjì gùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, resistor kọ̀ọ̀kan sì dábùú láàárín, mo fi òjé (solder) jó wọn mọ́ ọn. Lórí bátìrì 12 volt, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú bíi 0.3 wáàtì wá, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ bíi wáàtì mẹ́fà, ìyẹn bíi ìdajì ampere. Tí bátìrì bá tiẹ̀ ń gba chájì lọ́wọ́ tó sì gòkè dé 13.8 volt, ọ̀kọ̀ọ̀kan máa jẹ́ bíi 0.4 wáàtì, kò tíì kọjá agbára wọn. Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ báyìí ju wáyà híítà gbọọrọ kan ṣoṣo lọ ni pé tí resistor kan bá kú, àwọn 19 tó kù á máa ṣiṣẹ́ lọ, àmọ́ tí wáyà gbọọrọ yẹn bá já níbì kan, ó parí nìyẹn, òkùnkùn sì ni ẹ máa wà nígbà tó bá ṣẹlẹ̀.

Ibi tí ẹ máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣe pàtàkì púpọ̀. Òrùka irin tó di gíláàsì yẹn mú ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, kó sún mọ́ gíláàsì bó bá ṣe lè sún mọ́ ọn tó, kì í ṣe àárín ihò. Ẹ wọn àyíká rẹ̀, ẹ pín in sí 20 kí ooru lè kárí. Ẹ kọ́kọ́ fi téèpù tí ooru ò lè bà jẹ́ bo irin kí wáyà má baà kan án, resistor á wá lé e, fóòmù tín-ín-rín á bò ó níta kí ooru lè kọjú sínú dípò kó máa fẹ́ dànù. Dew shield á wá wọ̀ ọ́ lórí. Lójú ẹni tí ò mọ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lu ara tẹlisíkóòpù torí wáyà. Èérún irin tó bá já bọ́ sórí dígí inú, ẹ ò ní lè kó o tán láì ha dígí yẹn. Irin pẹlẹbẹ tó so tẹlisíkóòpù mọ́ máùntì (ẹ̀rọ tó gbé e dúró tó sì ń yí i) ti ní ihò àti síkúrù tiẹ̀, ibẹ̀ ni mo so gbogbo àpótí iná mi mọ́. Ẹ sì fi gíláàsì iwájú sílẹ̀ síbi tó wà. Tó bá di dandan kí ẹ yọ ọ́, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí bó ṣe jókòó kí ẹ tó tú síkúrù kankan, torí bí wọ́n ṣe yí i nígbà tí wọ́n ń tò ó, bẹ́ẹ̀ náà ló gbọ́dọ̀ padà.

Lórí controller, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí híítà, ohun tó ń ṣe kò ju pé ó ń tan iná ó ń pa á kíákíá kí agbára tó ń lọ sí híítà lè dín tàbí kó pọ̀. Èyí tí ẹ máa fi ọwọ́ yí tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn, tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́. Tèmi ní Arduino, ìyẹn pátákó kọ̀ǹpútà kékeré, àti BME280, ohun tó ń wọn ooru àti ọ̀rinrin, ó ń ṣe ìṣirò yẹn fúnra rẹ̀, á wá fún híítà ní ìwọ̀nba tó yẹ, àǹfààní ẹ̀ ni pé kì í fi bátìrì ṣòfò ní òru tó gbẹ. Ẹ ṣáà má gbé BME280 yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ híítà, kò ní sọ òótọ́ fún yín.

Kí ẹ sì tan híítà kí ìrì tó dé. Gbàrà tí ẹ bá ti gbé tẹlisíkóòpù síta ni kí ẹ tàn án. Wáàtì mẹ́fà tó láti dá ìrì dúró, àmọ́ láti gbẹ omi tó ti bo gíláàsì tẹ́lẹ̀, ẹ máa jókòó pẹ́. Tó bá ti bò ó, ẹ má fi aṣọ nù ún, ní orúkọ Ọlọ́run. Eruku wà lára rẹ̀, ohun fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi bo gíláàsì (coating) á ha. Ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun ni kí ẹ lò, kí ooru ẹ̀ wà nílẹ̀, kí ẹ sì jìnnà sí i.

Tẹlisíkóòpù kékeré tí a fi ń wá ìràwọ̀ àti lẹ́ǹsì tí a ń fi ojú sí nílò tiwọn náà, èémí wa gan-an máa ń mú kí omi bo ti ojú yìí. Resistor mẹ́ta tó jẹ́ irú kan náà ti tó, kò tó wáàtì kan. Ẹ̀yin oní-Newtonian, mẹ́ta yẹn náà ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn dígí kékeré, kí wáyà rẹ̀ tín-ín-rín gan-an, kó sì tọ ẹ̀gbẹ́ irin tó gbé dígí náà dúró, torí wáyà tó bá dúró níta á fi ìlà sí ara gbogbo ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀.

Ó kan wáyà báyìí. Ẹ ka iye tó máa ń sọ̀ kalẹ̀: iná máùntì, híítà ńlá, híítà kéékèèké, kámẹ́rà, kámẹ́rà kejì tó ń tọ́ ọ sọ́nà, USB tí wọ́n ń lọ sórí kọ̀ǹpútà. Tí gbogbo wọn bá ń rọ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí tẹlisíkóòpù bá ṣe ń yí tẹ̀ lé ọ̀run ni wọ́n á máa fà á, díẹ̀díẹ̀, tí ẹ ò ní rí i, inú fọ́tò ni ẹ máa ti rí ìràwọ̀ tó gùn. Èyí tó tún burú ni pulọ́ọ̀gì róbótó 5.5 mìlímítà tó ń gbé iná wọ máùntì, ó rọrùn kó mì, kó já fún ìṣẹ́jú àáyá kan, máùntì á pa á tún tàn, gbogbo ibi tí ẹ ti kọ́ ọ pé ìràwọ̀ wà á sì ti gbàgbé.

Nítorí náà wáyà kan ṣoṣo ló ń gòkè lára tèmi. Àpótí kékeré kan wà lórí tẹlisíkóòpù tó ń pín iná, kámẹ́rà àti híítà ń gba tiwọn níbẹ̀ pẹ̀lú wáyà kúkúrú tí kì í kúrò lójú kan. Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré kan, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, INDI, ètò tó ń darí máùntì àti kámẹ́rà, ló ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, gbogbo USB parí síbẹ̀, Wi-Fi ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. Kí wáyà kan yẹn nípọn dáadáa. Mítà méjì ti 22 AWG (AWG ni nọ́ńbà tó ń sọ bí wáyà ṣe nípọn tó, bó bá ṣe kéré ni wáyà ń nípọn), tí ampere mẹ́ta bá ń gbà á kọjá lọ àti bọ̀, á jẹ tó 0.6 volt dànù, àmọ́ 16 AWG kò ní jẹ tó 0.2. Bátìrì tó ti ń rẹ̀ lọ́wọ́ ìdájí ò ní irú ìyẹn láti fi ṣọrẹ. Fíùsì sì gbọ́dọ̀ wà, ẹ̀gbẹ́ bátìrì ni kó wà, kì í ṣe òkè. Fún ìsopọ̀, mo fẹ́ràn pulọ́ọ̀gì Anderson Powerpole tàbí XT60, wọn kì í tú fúnra wọn.

Bí wáyà yẹn ṣe máa gbà kọjá: ẹ jẹ́ kó sún mọ́ àárín ibi tí máùntì ti ń yí, torí níbẹ̀ ni kì í ti rìn jìnnà, ẹ fi ìtúrá sílẹ̀ fún un, kí ẹ wá dè é mọ́ ẹsẹ̀ tí kì í mì. Lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án gangan, láìtan iná, ẹ fi ọwọ́ yí tẹlisíkóòpù sí gbogbo ibi tó lè dé, àti ibi tó ti máa ń dojú dé láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn. Ibi tó bá ti fa, ẹ tún un ṣe. Velcro ni kí ẹ fi dè é, kì í ṣe táì oníke tí ẹ máa ní láti gé nínú òkùnkùn. Kí ẹ lẹ orúkọ mọ́ orí kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ sì tún bálánsì ṣe pẹ̀lú gbogbo ẹrù àti wáyà lórí ẹ̀, torí híítà àti dew shield á ti mú iwájú wúwo.

Bátìrì ò le. Tí gbogbo ẹ̀ bá ń jẹ wáàtì 25, wákàtí mẹ́jọ jẹ́ 200 wáàtì-wákàtí. Bátìrì LiFePO4 (oríṣi lithium kan) 12.8 volt tó jẹ́ 20 Ah, ìyẹn ampere-wákàtí, ní 256, ó tó, ó sì kù. Tó bá jẹ́ bátìrì oní-lead ni, kò dáa kí ẹ lò ó kọjá ìdajì, nítorí náà ẹ wá 40 Ah.

Tí ẹ bá fẹ́ wọlé, ẹ má tíì dé ìdérí ẹ. Omi tí ẹ bá dé mọ́nú ló ń hu ẹbu (fungus) sórí gíláàsì, ẹbu yẹn sì máa ń jẹ ohun fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi bò ó débi tí kò ní ṣeé tún ṣe. Ẹ gbé e wọlé, ẹ dojú ẹ̀ kọlẹ̀ díẹ̀, kí ìbòrí àti wáyà wà lára ẹ̀ bẹ́ẹ̀ (ìyẹn gan-an ni àǹfààní pé gbogbo ẹ̀ ti di ara kan), ẹ fi í sílẹ̀ títí á fi bá ooru yàrá mu tó sì gbẹ tán, ẹ wá dé e, kí sílíkà jẹ́ẹ̀lì sì wà nínú àpótí rẹ̀.