Ẹrù ló ń bá ọkàn sọ̀

Ọdún kejì ni mo wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nígbà tí olùkọ́ wa bi mí pé, "Kí ni nitroglycerin ń ṣe fún ẹni tí angina mú?" Angina ni ìrora àyà tó ń wá tí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó ọkàn; nitroglycerin jẹ́ ọ̀kan lára oògùn rẹ̀. Mo ti kọ́ èsì rẹ̀ sórí: "Ó ń la iṣan ọkàn kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè kọjá, mà."

"Jókòó."

Mo jókòó. Títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé obìnrin náà kàn kórìíra mi ni.

N kò purọ́ o, àmọ́ etí ọ̀rọ̀ ni mo dì mú. Iṣan ọkàn tí ọ̀rá ti dí, tó sì ti le, kì í fi bẹ́ẹ̀ là mọ́. Tí oògùn yìí bá wọra, ó ń di gáàsì kan tó ń jẹ́ nitric oxide, ìyẹn á sì dẹ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, pàápàá àwọn iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn. Ẹ̀jẹ̀ á rọra dúró sẹ́sẹ̀ àti síkùn, èyí tó ń padà á dín kù, ọkàn kò ní kún jù, ọ́síjìn tó ń béèrè á sì wálẹ̀. Alábàárù tí wọ́n gba ìdajì ẹrù orí rẹ̀ kò ní máa mí gúlegúle mọ́.

Ìdí nìyẹn tí aláìsàn fi gbọ́dọ̀ jókòó kó tó fi sábẹ́ ahọ́n. Bàbá kan fi tiẹ̀ síbẹ̀, ó dìde, ó ní òun ń lọ tọ̀. Ògiri ló gbà á kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì tijú láti bi aláìsàn bóyá ó lo Viagra, oògùn tó ń mú nǹkan ọkùnrin le: tó bá ti lò ó láàárín wákàtí 24, ẹ má fún un ní nitroglycerin rárá, torí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì.

Nínú àwọn oògùn angina, metoprolol ni mo fẹ́ràn jù. Ó ń mú kí ọkàn rọra lù. Ìgbà tí apá òsì ọkàn bá sinmi láàárín lílù kan sí èkejì ló ń rí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ gbà jù. Bí ìsinmi yẹn bá ṣe gùn tó ló ṣe ń yó tó. (Ẹ má jẹ́ kí aláìsàn dá a dúró lójijì o, angina lè padà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.)

Amlodipine, oògùn angina mìíràn, ń dẹ iṣan tí ọkàn ń ti ẹ̀jẹ̀ gbà jáde. Ẹ wo ọrùn ẹsẹ̀ wọn, ó lè wú. Verapamil, òun náà oògùn angina, tún ń mú kí ọkàn rọra lù bíi ti metoprolol. Tí mo bá rí òun àti metoprolol lórí ìwé oògùn ẹnì kan ṣoṣo, mo máa ń ka lílù ọkàn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí n tó pe dókítà.